Ìwé Ìsàlẹ̀ Àpótí Ọdẹ́jìmí

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kó wá ibi tí ìdí rẹ̀ yóò balẹ̀ sí, nítorí ọ̀nà rẹ̀ jìn, ẹni tó rìn ín kò sì sáré. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó jókòó. Bí a bá dé àárín igbó tí ẹnì kan ní òun ń lọ wo iná, a ò ní padà wá mú un.

Lábẹ́ igi orógbó iwájú ilé Ọdẹ́jìmí ni wọ́n péjọ sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọdẹ́jìmí, ọdẹ àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó gbẹ́rù láti oko ìdálẹ̀ tí kò tíì rí ẹni bá a sọ̀ ọ́. Ìwé kan wà lórí itan rẹ̀. Ó ki ìka kan bọ àárín rẹ̀, kò sì yọ ọ́.

Múrítàlá onígbàjámọ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá Ọdẹ, ìwé lẹ wá fi ń pa ẹran báyìí?"

"Múrítàlá," ni Ọdẹ́jìmí wí, kò tilẹ̀ gbé orí sókè, "ọjọ́ tí efọ̀n lé baba rẹ gun igi, ta ló yìnbọn? Èmi ni. Baba rẹ wà lókè, èmi wà nísàlẹ̀, omi ń kán sí mi lórí, mo rò pé òjò ni."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọdẹ́jìmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Mo pa efọ̀n mẹ́ta láyé mi. Èmi àti ẹkùn wojú ara wa, ẹkùn ló kọ́kọ́ yẹjú. Síbẹ̀ kò sí ìrìn tó rẹ̀ mí rí bí èyí tí mo rìn nínú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ jókòó dáadáa."

Bó ṣe rìn ín nìyí.

Nígbà tí Ọdẹ́jìmí wà ní kíláàsì kẹta, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ajíbóyè, ni wọ́n jọ ń lọ sílé ìwé, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Tísà wọn, Ṣówándé, yá Ajíbóyè ní ìwé kíkà kan. Bí wọ́n ti ń sọdá odò, ìwé bọ́ lọ́wọ́ Ajíbóyè, ó di inú omi. Ọdẹ́jìmí ló bẹ́ sódò tó yọ ọ́, òun náà ló sì gbé e dé kíláàsì, tí omi ń kán tótó lára rẹ̀. Tísà rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò bèèrè ẹjọ́. Ẹgba méjìlá. Ajíbóyè dúró níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Tísà wá fi ọ̀rọ̀ lé ẹgba lórí: "Olóríkunkun, ìwé kankan kò ní wọ ilé rẹ láéláé."

Ọjọ́ náà ni Ọdẹ́jìmí gbé sìlétì rẹ̀ sílẹ̀, tó tẹ̀lé baba wọn wọgbó, kò sì padà mọ́. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò jẹ́ gbàgbé.

Òfin kan sì wà ní agbolé wọn. Ọdẹ tó bá pa ẹran, àyà ẹran náà, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Bí ọmọ ìyá méjì bá sì ń jà, ẹ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ fi ẹnu bẹ àbúrò, èèwọ̀ ni. Àbúrò ni yóò gbé àyà ẹran lọ, ẹ̀gbọ́n yóò jẹ ẹ́, ìjà parí, ẹnikẹ́ni kò ní bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ọdẹ́jìmí pa ẹran títí, Ajíbóyè kò rí àyà kan. Ajá ló ń jẹ ẹ́. Ajá Ọdẹ́jìmí sanra títí kò lè sáré lé ẹran mọ́, ó wá di pé ọ̀gá ń sáré, ajá ń wò ó.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Ọdẹ́jìmí, Ajíbóyè, tí òun náà ti di tísà ní Òkè-Àgbọn, gbé ẹ̀bùn kan wá, ó fi aṣọ funfun dì í. Ọdẹ́jìmí fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó mọ̀ pé ìwé ni. Ó ní, "Ó wá fi mí ṣẹ̀sín lójú àna mi, nítorí mo fi ilé ìwé sílẹ̀." Ó jù ú sísàlẹ̀ àpótí kan láìtú aṣọ rẹ̀. Ìbínú náà kò tán nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, ó lọ ra ìwé tirẹ̀, kí ọ̀rọ̀ Tísà Ṣówándé lè di irọ́, ó sì gbé e lé ti Ajíbóyè lórí, bí ẹni gbé òkúta lé ẹnu ihò òkété. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti pa ẹran ńlá, á ra ìwé kan. Kì í bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá ti nípọn, tí èèpo rẹ̀ le, ó ti tó. Bí àlejò bá dé, á lu ìdérí àpótí gbàgbà, á ní, "Ogójì ìwé! Ta ló ní tó bẹ́ẹ̀ nílùú yìí?"

Àlejò á ní, "Ẹ ti kà wọ́n tán?"

Á ní, "Ṣé ẹni tó ní ogójì ìbọn ló ń yin gbogbo wọn?"

Bí ogójì ọdún ṣe ń lọ sópin nìyẹn, títí di ọjọ́ tí Ìbídùn, ọmọbìnrin Ajíbóyè, fi dé láti Òkè-Àgbọn. Ó kúnlẹ̀, kò gba omi.

"Bàbá kékeré, ikọ́ ti dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n ní kí n bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ṣé ẹ ka ìwé tí àwọn fún yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín? Wọ́n ní bí ẹ bá ti kà á, kí ẹ jókòó sílé, pé ọ̀rọ̀ ti yé àwọn tipẹ́. Bí ẹ kò bá sì kà á rí, kí ẹ kà á, kí ẹ mú ìdáhùn wá kí ẹ̀mí tó bọ́."

Ọdẹ́jìmí la ẹnu láti sọ pé òun ti kà á. Ta ni yóò jẹ́wọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ní ogójì ìwé tí òun kò ka ọ̀kan? Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀, ó dúró. Bó bá ní òun ti kà á, ó parí nìyẹn, Ajíbóyè yóò kú pẹ̀lú ohun yòówù tó rò pé ó yé òun. Ó pa ẹnu dé.

"Dúró dè mí," ló wí. Ó wọ yàrá.

Ó fa àpótí jáde, ó ṣí i, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ gbogbo ìwé láti fa ti ìsàlẹ̀ yọ. Kò yọ. Àwọn ìwé ti lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ọmọ ìyá tó mulẹ̀. Ó fà á títí ilé fi mì. Òórùn igbó wá ń jáde láti inú àpótí, òórùn ewé tó rẹ̀ sínú omi, ọdẹ kò sì lè gbóòórùn igbó kó má tẹ̀lé e. Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ inú àpótí. Ẹsẹ̀ náà kò kan ìsàlẹ̀. Ó ki èkejì bọ̀ ọ́.

Ẹnu bodè kan ló bá ara rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó níbẹ̀, etí rẹ̀ fẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́ bí ojú-ewé, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán etí ìwé tó ya.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Ọdẹ́jìmí ni, onílé."

"Onílé wo? Onílé tó lo ogójì ọdún lóde? Àlejò ni ọ́. Dọ̀bálẹ̀ kí mi."

"Mi ò ní dọ̀bálẹ̀ fún ohun tí mo rà lọ́jà."

"Àpótí lo rà àbí ọ̀nà? Gbọ́ òfin. Ìwé ìsàlẹ̀ lo ń wá, mọ́kàndínlógójì sì wà lórí rẹ̀. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wàá kà wọ́n kọjá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá fo ọ̀kan yóò tún bá ara rẹ̀ níwájú mi."

Ọdẹ́jìmí rí i pé ìlú àkọ́kọ́ kéré, ó gba ẹ̀yìn ògiri, ó fò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀, ìyá arúgbó ló rí.

"Ẹ kú ìrìn," ni ìyá náà wí.

Ó tún fò ó. Ó tún bá ìyá náà. Ìyá náà kò gbé ojú kúrò lórí abẹ́rẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ọdẹ́jìmí dọ̀bálẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, láti ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbogbo ìlú: ikọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ikọ́ Ajíbóyè ni, bó ṣe máa ń wú u láti kékeré nígbà ọyẹ́. Ikọ́ náà gùn, ó sì le. Ó ní, "Ó ṣì lágbára. Màá bá a." Ó wọ ìlú àkọ́kọ́.

Ìlú adìẹ ni. Ìwé tó rà kẹ́yìn, ẹnì kan kọ ọ́ nípa bí a ti í sin adìẹ. Ẹgbẹ̀rún adìẹ ló sàba lé ẹyin, ìyẹ́ ti re lára wọn. Bí wọ́n ti rí Ọdẹ́jìmí, gbogbo wọn ké lẹ́ẹ̀kan náà.

"Òun rèé! Ọ̀lẹ tó rà wá! Ọ̀dọ̀ rẹ la ti sàba láti ọdún kẹta!"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má dìde?"

"Ojú-ewé kọkànlá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹyin á pa," ni àgbébọ̀ kan dáhùn. "Ìwọ kò kà débẹ̀, ẹyin kò mọ̀ pé ó ti tó àkókò."

Ọdẹ́jìmí jókòó sílẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ó ń kà á bí ẹni ń já ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Láti kíláàsì kẹta ni kò ti kàwé. Òógùn bọ́ lójú rẹ̀ ju ti ọjọ́ efọ̀n lọ. Ìgbà tó dé ojú-ewé kọkànlá, òmìnira dé bá ẹgbẹ̀rún adìẹ, òròmọdìẹ sì kún ilẹ̀ títí kò rí ibi fi ẹsẹ̀ sí. Kò sí èyí tó dúpẹ́. Àgbébọ̀ yẹn tún sọ ọ́ lẹ́sẹ̀ jẹ.

"Irọ́!" Múrítàlá ké láti ibi tó jókòó sí. "Adìẹ tó ń sọ̀rọ̀!"

"Onígbàjámọ̀ ń sọ̀rọ̀, kí ló dé tí adìẹ kò ní sọ?" Ọdẹ́jìmí ní. "Dákẹ́, ìlú mẹ́jìdínlógójì ló kù."

Ó dé ìwé kejì, òun náà rí bákan. Ìlú Ẹsẹ̀-Kan ni wọ́n ń pè é. Ìtàn ìfẹ́ ni ẹni tó kọ ọ́ kọ, Ọdẹ́jìmí sì rà á nítorí èèpo rẹ̀ pupa. Gbogbo ará ìlú dúró lórí ẹsẹ̀ kan, èkejì wà lókè, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ gbẹ́sẹ̀ tí wọ́n dá a dúró. Ẹni tó ń bu omi, omi dúró lófuurufú. Ẹni tó ń gbá ọmọ rẹ̀ létí, ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Láàrin wọn, ìyàwó tuntun kan na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀, ọkọ la ẹnu sílẹ̀, eṣinṣin ti kọ́lé síbẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni?" ni ìyàwó bi í, ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló ń yí. "Láti ọdún karùn-ún ni ọkọ mi ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Jọ̀ọ́, kà á."

Àánú ṣe Ọdẹ́jìmí. Ó kà á. Gbogbo ẹsẹ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ dún gììrì. Ọkọ pa ẹnu dé, ó tu eṣinṣin nù, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Mi ò fẹ́ ọ mọ́."

Ìyàwó kò wo ọkọ. Ọdẹ́jìmí ló yíjú sí. "Ìwọ lo kà á jáde!" Ó bọ́ bàtà, ó lé e kọjá ẹnu bodè kẹta. Ọdẹ tí ẹkùn kò lé rí, ìyàwó inú ìwé lé e.

Ẹ má retí kí a sọ gbogbo ìlú. Ẹsẹ̀ tó rìn wọ́n kò fẹ́ rántí wọn. Ìwé ìṣirò wà níbẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ kò jẹ́ kó mumi àfi bó bá mọ iye iṣu tí wọ́n pín sí mẹ́jọ. Ìwé kan wà tí kò ní ìtàn nínú rárá, orúkọ òkúta nìkan ló wà níbẹ̀, òkúta sì ni gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró fetí sílẹ̀. Ikọ́ náà ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń kúrú. Ó tún ń kà. Orí ń fọ́ ọ, ìka tó fi ń tọ ọ̀rọ̀ ti bó. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, èyí kò tilẹ̀ dùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ìwé kẹtàlá, ó bọ́ sí igbó gidi. Ìwé ẹranko ni. Ẹtu kan dúró níwájú rẹ̀, ó tóbi, ó sanra, kò mira, nítorí kò sí ẹni tó tíì kà á. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi tàkúté pa ọ̀kẹ́rẹ́: Ọdẹ́jìmí kò yìnbọn. Ọmọ ọdẹ kì í yìnbọn sí àwòrán. Ó jókòó, ó kà á, ó kà á, títí ẹtu fi mí, tó gbọn etí, tó fọn kánkán, tó sì fẹsẹ̀ fẹ. Ìgbà náà ló gbé ìbọn sójú. Ìbọn kan, ẹtu kan.

Ó dáná, ó yan ẹran, ó jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tó gé àyà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó ń wá ajá. Ajá kò sí. Ọwọ́ dúró lófuurufú pẹ̀lú àyà ẹran bí ọwọ́ ará Ẹsẹ̀-Kan. Kò mọ ẹni tí yóò fún. Ó yan òun àti itan ẹtu náà gbẹ, ó fi wọ́n sínú àpò, ó ń lọ.

Ìwé kejìlélọ́gbọ̀n ló ti pàdé Ajẹ̀wé-má-yó. Ìkán ni, ṣùgbọ́n ó ga tó àká, ikùn rẹ̀ funfun, ó sì ń dún bí ilé ìtẹ̀wé. Ó ti jẹ ìdajì ìwé náà. Ọ̀nà kún fún ihò, èèyàn tó bá sọ gbólóhùn kan, àárín rẹ̀ á ti sọnù.

"Ọdẹ́jìmí," ló wí, "mo gbóòórùn àyà ẹran. Gbé e wá kí o kọjá."

"Mi ò ní fún ọ. Ẹni tó ni ín kọ́ ni ọ́."

"Ta ló ni ín?"

Ọdẹ́jìmí mọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò tíì lè gba ẹnu rẹ̀ jáde.

"Ó dáa, a ó pa àlọ́. Àlọ́ méjì. O kùnà ọ̀kan, mo jẹ àyà ẹran, mo jẹ ìwọ náà lé e. Èyí wà nílé rẹ, o kò jẹ ẹ́. Kò sí nílé mi, mo jẹ ẹ́ yó. Ìwọ lo ni ín, èmi ni mo mọ adùn rẹ̀. Kí ni?"

"Ìwé mi ni," Ọdẹ́jìmí ní, ojú sì tì í.

Ìkán náà rẹ́rìn-ín, ìwé ya nínú ikùn rẹ̀. "Èyí kejì le. O pọ̀n ọ́n láti kékeré, kò dàgbà, kò kú, kò wúwo lójú ẹlòmíràn. Ẹni tó gbé e lé ọ lẹ́yìn ti lọ, o kò sọ̀ ọ́. Kí ni?"

Ikọ́ dún nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó dákẹ́. Ọdẹ́jìmí dúró kó tún dún. Kò dún. Ẹ̀rù bà á bí kò ti í bà á rí.

"Ẹgba méjìlá," ló wí.

Ajẹ̀wé-má-yó yẹ̀ kúrò lọ́nà. Ọdẹ́jìmí kọjá lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Bó ṣe ka méje tó kù, kò lè sọ. Ó ní òun kà á bí ẹni tó ń sùn tó ń rìn. Nígbà kan ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ní, "Ó tó. Kó kú tó bá fẹ́ kú. Ṣé èmi ni mo ju ìwé sómi?" Ó sùn díẹ̀. Bó ti jí, ikọ́ kékeré kan dún, bí ìgbà tí ẹnì kan fi èékánná họ ilẹ̀kùn. Ó dìde. Kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé e dìde, ó ní kí n má purọ́ mọ́ òun. Oríkunkun ni. Kò fẹ́ kí Ajíbóyè kú kí òun tó mọ ohun tó wí.

Odò kan ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó mọ odò náà. Ó là á kọjá, omi dé àyà rẹ̀, ó gbé àpò lé orí. Ní òdìkejì, wọ́n fi aṣọ funfun ti ilẹ̀kùn kan, kókó rẹ̀ wà bí Ajíbóyè ṣe ta á. Ọdẹ́jìmí tú u.

Kíláàsì ni. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Bẹ́ńṣì wọn rèé, sìlétì rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ bó ṣe gbé e sílẹ̀. Pátákó dúdú wà níwájú. Ẹfun ń kọ̀wé sórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kì í jáde àfi bó bá ti ka èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọwọ́ Ajíbóyè ni.

"Ọdẹ́jìmí, àbúrò mi. Ìwé tó bọ́ sómi nìyí. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ tísà. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n nà ọ́, mo sọ òótọ́, wọ́n nà mí ní mẹ́rìnlélógún. Tísà ní kí n wá pè ọ́ padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá sétí igbó. Mo pè ọ́. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ lẹ́yìn igi ìrókò. O kò jẹ́ mi. Èèwọ̀ ni kí ẹnu mi bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kálàmù kì í ṣe ẹnu. Mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá ka èyí, gbé àyà ẹran wá. Bí n kò bá rí i, yóò yé mi pé o kà á, o sì kọ̀."

Ọdẹ́jìmí jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó ti kéré jù fún un, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí láti ọjọ́ tó ti ń ròyìn ẹgba méjìlá kiri. Ó gbọ́ ìpè náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́ ọ. Ó dúró lẹ́yìn ìrókò, ó di ẹnu ara rẹ̀ mú, ó ní kí Ajíbóyè pè títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ajíbóyè pè, ó sunkún, ó lọ sílé. Nínú ìtàn tí Ọdẹ́jìmí ń sọ fún ara rẹ̀ láti kékeré, kò sí ìrókò kankan níbẹ̀.

Nígbà tó jáde láti inú àpótí, ara rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìbídùn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Bàbá kékeré! Ọjọ́ kẹrin rèé! Mò ń gbọ́ ohùn yín, ẹ ń kàwé, ẹ ò dá mi lóhùn. Oúnjẹ tí mò ń gbé síbí, ajá ló ń jẹ ẹ́."

"Ajá ti jẹun tó," Ọdẹ́jìmí ní. "Jẹ́ ká lọ."

"Ẹ sinmi díẹ̀ ná."

"Ìsinmi wà níwájú. Jẹ́ ká lọ."

Òkè-Àgbọn kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gùn ju gbogbo ìlú inú àpótí lọ, nítorí kò gbọ́ ikọ́ kankan mọ́, kò sì mọ̀ bóyá nítorí pé ó ti jáde ni, tàbí nítorí nǹkan mìíràn.

Wọ́n dé. Ajíbóyè wà lórí ẹní, ó ti gbẹ bí ewé tábà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Ọdẹ́jìmí, tó ti ń pe Ajíbóyè lórúkọ ṣákálá láti ìgbà ẹgba, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó gbé àyà ẹtu jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀.

Ajíbóyè fọwọ́ kan ẹran náà.

"O kà á?"

"Mo kà á."

"Ó pẹ́."

"Ìwé ló pọ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ajíbóyè bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ di ẹ̀rín, Ìbídùn sáré gbé omi wá. Ó ya ẹran díẹ̀, ó rún un sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Ajíbóyè ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, omijé ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀.

"Kò níyọ̀," ló wí.

"Inú ìwé kò níyọ̀," Ọdẹ́jìmí ní.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ajíbóyè lò sí i. Lójoojúmọ́, á ní, "Kí ló tún wà nínú àwọn yòókù?" Ọdẹ́jìmí á sọ ti adìẹ, á sọ ti ìyàwó oníbàtà, á sọ ti òkúta. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìgbà tó ń sọ ti ẹtu ni kò gbọ́ kí wọ́n bi í ní ìbéèrè mọ́.

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́jìmí sọ ọ́ dé lábẹ́ igi orógbó. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Múrítàlá fúnra rẹ̀ ń fi ìka họ ilẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá Ọdẹ, ẹran inú ìwé ha lè jáde?"

"Ìwọ tí o jẹ itan rẹ̀ níbi ìsìnkú, tó o tún ní kí wọ́n fi èyí tó lọ́ràá kún un ńkọ́?"

Múrítàlá tọ́ka sí ìwé tó wà lórí itan Ọdẹ́jìmí. "Èyí wo wá lèyí?"

Ọdẹ́jìmí gbé e sókè. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni, ó wú bí ohun tó ti rẹ nínú omi rí.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó kọ sí iwájú rẹ̀ nìkan ni mo kà lọ́jọ́sí. Ìwé fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìwé kíkà kíláàsì kẹta ni." Ó ṣí i níbi tí ìka rẹ̀ wà. "A dé ojú-ewé yìí lọ́jọ́ tí mo kúrò. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín, ó rẹ̀ mí. Ibi tí mo dúró sí ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn ìdí aṣọ. Kí wọ́n tó dé ẹ̀yìn ògiri, wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń dúró, ó ń tún un kà.